Ìpè 111 tó dá New Zealand rú: ṣé etí ló gbọ́ ọ ni, àbí wọ́n sọ fún etí?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi ọkùnrin fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Kò sí àwòrán kankan nínú ẹ̀, ohùn lásán ni, ohùn ọmọkùnrin kan tó ń pe ámbúláǹsì, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ bí ẹni tó sáré dé láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n wá kọ lẹ́tà pupa gàdàgbà sábẹ́ ẹ̀ pé ká fetí sí ibì kan báyìí, pé ibẹ̀ ló ti fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun lòun pààyàn. Mo fetí sí i, mo sì gbọ́ ọ ketekete. Mo ní kí ìyàwó mi náà gbọ́ ọ, àmọ́ mo fọwọ́ bo lẹ́tà pupa yẹn kó tó gbọ́ ọ, ló bá ní "kí ló ń ṣe ọmọ yìí, ṣé ó ní ikọ́ fée ni?"

Fóònù kan náà o, ohùn kan náà. Ọ̀rọ̀ náà ò fi mí lọ́kàn balẹ̀, mo bá lọ tú ìdí ẹ̀ wò, mo wá rí i pé ẹjọ́ ńlá ni, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó ti dé London, ó ti padà sí New Zealand, ìpè kékeré yẹn nìkan sì ti gbé àwọn adájọ́ àgbà jókòó. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ bó ṣe yé mi, torí irú fídíò yìí pọ̀ lóde báyìí, ti 911 Amẹ́ríkà ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, gbogbo wa ti di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì.

Kí ni wọ́n ń pè ní ìpè pàjáwìrì?

Ìpè tí èèyàn pè sí nọ́ńbà tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún wàhálà ni, bí iná, olè, ìjàm̀bá, tàbí ẹni tó ṣubú tí kò mí mọ́. London ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ pẹ̀lú 999 ní 1937. Amẹ́ríkà ń lo 911, ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Haleyville ní Alabama ló sì kọ́kọ́ lò ó, oṣù kejì ọdún 1968. New Zealand ń lo 111 láti 1958. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fóònù tí wọ́n máa ń fìka yí láyé, ẹ máa gbádùn èyí: ojú fóònù ti New Zealand lòdì sí ti London, tí èèyàn bá yí 1 níbẹ̀, bí ìgbà tó yí 9 ní London ló ṣe máa dún nínú wáyà, ìdí tí wọ́n fi mú 111 nìyẹn. Tiwa ní Nàìjíríà ni 112, Èkó tún ní 767.

Ohun méjì ni kẹ́ ẹ mọ̀ nípa ìpè yìí ká tó tẹ̀ síwájú. Wọ́n máa ń ká a sílẹ̀, ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún èèyàn lè jókòó sí Ìbàdàn kó máa gbọ́ ọ. Èkejì ni pé iṣẹ́ ẹni tó ń gbé ìpè yẹn kì í ṣe pé kó wádìí ẹnikẹ́ni. Àdírẹ́sì ló ń wá, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni yẹn ṣì ń mí, bóyá ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ kí ámbúláǹsì lè wọlé. Tó bá bi yín ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, kì í ṣe pé ó ń fura sí yín, ìbéèrè tí wọ́n kọ fún un ló ń tẹ̀ lé. Téèpù tí wọ́n ká torí kí wọ́n lè ráyè gba ẹ̀mí là ni àwa wá sọ di téèpù tí wọ́n fi ń wá apààyàn.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Every Street?

Every Street jẹ́ òpópónà kan ní Dunedin, ìlú kan ní ìsàlẹ̀ gúúsù New Zealand níbi tí òtútù pọ̀ sí. Láàárọ̀ ọjọ́ 20 oṣù kẹfà 1994, David Bain, ọmọ ọdún 22 tó máa ń pín ìwé ìròyìn kiri àdúgbò ní kùtùkùtù, pe 111 ní nǹkan bí aago méje kọjá díẹ̀. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, pé gbogbo ará ilé òun ti kú. Òótọ́ ni, wọ́n ti yìnbọn pa èèyàn márùn-ún nínú ilé yẹn: bàbá ẹ̀ Robin, ìyá ẹ̀ Margaret, àti àwọn àbúrò ẹ̀ mẹ́ta, Arawa, Laniet àti Stephen tó jẹ́ ọmọ ọdún 14 péré.

Látìgbà yẹn títí di òní, ọ̀nà méjì péré ni àwọn èèyàn ń gbà sọ ìtàn náà, kò sí ìkẹta. Ọ̀kan ni pé David ló pa gbogbo wọn, ó wá lọ pín ìwé ìròyìn ẹ̀ kó lè rí ibi gbà yọ. Èkejì ni pé bàbá ló pa ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta, ó wá yìnbọn fún ara ẹ̀. Wọ́n bá ọ̀rọ̀ kan lójú kọ̀ǹpútà ilé náà tó ń bẹ ẹnì kan pé kó má bínú, pé ẹni yẹn nìkan ló yẹ kó ṣẹ́kù. Àwọn kan ní bàbá ló kọ ọ́ sílẹ̀ fún David, àwọn kan ní David ló kọ ọ́ fún ara ẹ̀.

Ní 1995, wọ́n dá David lẹ́bi, wọ́n ní kó lọ fẹ̀wọ̀n gbére jura, ó kéré tán ọdún 16. Ọkùnrin kan tó ti gbá rugby fún All Blacks, ẹgbẹ́ rugby orílẹ̀-èdè New Zealand, Joe Karam, wá gba ẹjọ́ yẹn lérí bí ẹni pé ọmọ ẹ̀ ni, ó ń bá a jà fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ẹjọ́ náà fi dé Privy Council, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní London. Ilé ẹjọ́ yẹn kan náà ni ẹjọ́ Akíntọ́lá àti Adégbẹ́nró dé ní 1963 kí àwa tó ní a ò bá wọn lọ síbẹ̀ mọ́. Ní oṣù karùn-ún 2007, Privy Council ní ìdájọ́ 1995 yẹn ò dúró, wọ́n fagi lé e. New Zealand wá ní àwọn máa tún ẹjọ́ náà dá látìbẹ̀rẹ̀.

Ibo ni "ìjẹ́wọ́" wá ti wá?

Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́ fún ẹjọ́ kejì yìí, ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ń gbọ́ téèpù 111 yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ló bá gbọ́ nǹkan kan níbi tí David ti ń mí gùlegùle láàárín ọ̀rọ̀. Ó ní gbólóhùn ni, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kúkurú kan tó túmọ̀ sí "mo yìnbọn fún ọmọ àlè yẹn" (èébú tó wà nínú ti Gẹ̀ẹ́sì yẹn dọ̀tí ju bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò ní kọ ọ́ síbí). Àwọn mìíràn gbọ́ ọ, àwọn náà ní bẹ́ẹ̀ ni o, àwọn gbọ́ ọ.

Ẹ fọkàn ṣírò ẹ̀ wò. Ọdún 1994 ni wọ́n pe ìpè yẹn. Ẹni tó gbé ìpè náà gbọ́ ohùn yẹn lójú ẹsẹ̀, kò ní òun gbọ́ ìjẹ́wọ́ kankan. Ní ẹjọ́ 1995, kò sí ẹni tó mẹ́nu bà á pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn tó fẹ́ kí wọ́n dá a lẹ́bi ìbá ti gbé e jó tí wọ́n bá gbọ́ ọ. Ọdún mẹ́tàlá ló gbà kí etí ẹnì kan tó gbọ́ ọ, àmọ́ kò pé ìṣẹ́jú kan kí etí ẹni kejì tó gbọ́ ọ, torí wọ́n ti sọ ohun tó máa gbọ́ fún un. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ṣé etí lè gbọ́ ohun tí kò sí ni?

Àwa Yorùbá ló yẹ kí èyí tètè yé jù, torí a ní gángan. Ṣebí ẹ mọ̀ pé ìlù ò lè pe "a" tàbí "b", ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ló ní. Ẹ gbé gángan, ẹ lù ú ní àárín, òkè, àárín, òkè. Tí mo bá ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀ pé Adé ń bọ̀ látìlú òkèèrè, ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ ni "Adé ti dé." Tó bá jẹ́ pé a gbọ́ tí nǹkan já lulẹ̀ ní kíṣìnnì kí onílù tó lù ú, "Igbá ti fọ́" lẹ máa gbọ́. Tí èéfín bá ń rú lọ́ọ̀ọ́kán ńkọ́? "Ilé ti jó" ni. Ìlù kan náà o, onílù ò yí ọwọ́ padà, ohun tó wà lọ́kàn yín tẹ́lẹ̀ ló parí ọ̀rọ̀ fún yín. Ìdí tí onílù tó mọṣẹ́ kì í fi í sọ "Adé" lásán nìyẹn, á fi oríkì kún un, á mú un gùn, títí tí kò fi ní sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó lè bá a mu.

Téèpù tí ò dáa jọ ìlù yẹn gan-an. Fóònù kì í gbé gbogbo ohùn èèyàn, nǹkan bí 300 hẹ́ẹ̀sì (ohun tí wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó) sí 3400 ni fóònù ayé ìgbà yẹn ń gbé, ohùn tó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ tàbí tó lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wáyà ò gbé e. Ìró "s" àti "f" sì rèé, apá tó pọ̀ nínú wọn ló wà lókè ibi tí wáyà gé e sí yẹn. Ẹ̀yin náà ti rí i rí, tẹ́ ẹ bá ń ka orúkọ yín fún ẹnì kan lórí fóònù, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lẹ máa sọ ọ́, "S, kì í ṣe F, S bíi ti Sunday!" Kí ló wá kù tó jọ "s" àti "ṣ" lórí fóònù? Èémí ni. Ẹni tó ń mí hàhà sẹ́nu fóònù, atẹ́gùn ẹnu ẹ̀ máa ń dún bíi "ṣ", tó bá tún bú èémí jáde lójijì á dún bíi "p". Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ní David sọ yẹn, "ṣ" àti "p" ló kún inú ẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ẹ ti rí ibi tí mò ń lọ.

Kì í wá ṣe àròsọ lásán. Helen Fraser, onímọ̀ ìró ohùn ọmọ Australia kan, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ mú ohùn ìpè yìí gan-an, wọ́n fún àwọn èèyàn gbọ́, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà jáde ní 2011. Wọn ò kọ́kọ́ sọ nǹkankan fún wọn. Ọ̀rọ̀ ìjẹ́wọ́ yẹn kọ́ ni wọ́n gbọ́, kálukú ń sọ tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ìgbà tí wọ́n wá sọ fún wọn pé àwọn kan ní báyìí báyìí ló wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ. Èyí tó dùn mí jù nínú ẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n tún padà sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ yẹn lè má rí bẹ́ẹ̀ o, púpọ̀ nínú wọn ṣì ń gbọ́ ọ síbẹ̀. Ó ti wọ etí, kò jáde mọ́.

Tí irú fídíò bẹ́ẹ̀ bá tún dé ọwọ́ yín, ẹ fọwọ́ bo lẹ́tà ìsàlẹ̀ yẹn, ẹ fún èèyàn méjì mẹ́ta gbọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí kálukú kọ ohun tó gbọ́ sórí ìwé kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Mo ṣe é fún ẹni mẹ́rin nínú ilé wa. Ọ̀kan ní ó ń ké pe ìyá ẹ̀. Ọ̀kan ní "òyìnbó wo lèyí?" Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ìbọn.

Ṣé wọn ò lè fọ ohùn náà kó mọ́ ni?

Ìbéèrè tí àbúrò mi bi mí nìyẹn, ó ní ṣebí kọ̀ǹpútà ti wà. Òótọ́ ni pé wọ́n lè fọ ohùn, wọ́n lè dín ariwo ìdí ẹ̀ kù, wọ́n lè gbé apá kan sókè. Àmọ́ bí ẹni ń fọ aṣọ ni: ẹ lè fọ ìdọ̀tí kúrò, ẹ ò lè fi omi ọṣẹ hun ibi tó ti ya. Ohun tí wáyà ò gbé ní 1994 ò sí nínú téèpù, kò sí kọ̀ǹpútà tó máa bá yín mú un jáde. Èyí tó tún burú ni pé bí wọ́n bá ṣe ń gbé ohùn yẹn sókè ni ariwo náà ń ga, ariwo yẹn á wá máa jọ ọ̀rọ̀.

Àpẹẹrẹ ẹ̀ tó lókìkí jù ni ti ọmọ ọdún mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní JonBenét Ramsey, ní Boulder, Colorado. Ìyá ẹ̀ pe 911 ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú 52 láàárọ̀ ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá 1996, ó ní wọ́n ti jí ọmọ òun gbé, pé wọ́n fi lẹ́tà sílẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni bàbá ọmọ rí òkú ẹ̀ nínú yàrá abẹ́ ilé. Ìgbà tí ìyá yẹn parí ọ̀rọ̀ ẹ̀, ó jọ pé fóònù náà ò tètè kú, ohùn díẹ̀ ṣì wọlé fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ní 1997, iléeṣẹ́ kan ní California, Aerospace Corporation, fọ téèpù yẹn, wọ́n ní àwọn gbọ́ ohùn mẹ́ta níbẹ̀, pé ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n ọmọ yẹn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ní ó ń sùn. Àwọn mìíràn gbọ́ téèpù kan náà, wọn ò gbọ́ nǹkankan níbẹ̀. Ní 2016, tẹlifíṣọ̀n CBS tún gbé e jáde, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wọn jókòó yí ẹ̀rọ ká, wọ́n ń gbọ́ ọ, wọ́n ń sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún ara wọn títí tí gbogbo wọn fi gbà. Èmi ò rí bí èyí ṣe yàtọ̀ sí lẹ́tà pupa tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀gbọ́n ọmọ yẹn, tó ti dàgbà nígbà yẹn, pe CBS lẹ́jọ́, wọ́n sì parí ẹ̀ nítùbí ìnùbí ní 2019. Títí dòní, wọn ò tíì mọ ẹni tó pa ọmọ náà.

Ó dáa, ká fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ìṣesí ẹni tó ń pè ńkọ́?

Ẹgbẹ́ kejì àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì nìyí. Àwọn yìí ò wá ìjẹ́wọ́, wọ́n ní ọ̀nà tí èèyàn gbà sọ̀rọ̀ ti tú u fó. "Kò sunkún tó." "Ó sunkún jù, eré ló ń ṣe." "Kí ló dé tó fi ní 'ẹ ṣeun'?" Mo rò pé ará àdúgbò ló dá a sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, àṣé ọlọ́pàá ló gbé e wá.

Tracy Harpster ni orúkọ ẹ̀, ó ti fìgbà kan jẹ́ igbákejì ọ̀gá ọlọ́pàá ní Moraine, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Dayton ní Ohio. Nígbà tó ń ṣe másítà, ó kó ìpè 911 ọgọ́rùn-ún jọ, ó tò wọ́n sí ti ẹni tó jẹ̀bi àti ti ẹni tí kò jẹ̀bi, ó wá fà á yọ pé àmì báyìí báyìí ló máa ń wà nínú ti ẹni tó jẹ̀bi. Ìwé ìròyìn FBI gbé e jáde ní 2008, ló bá ń lọ káàkiri Amẹ́ríkà láti fi kọ́ àwọn ọlọ́pàá. Ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú àmì tó ní ó jẹ́ ti ẹni tó jẹ̀bi: kí wọ́n bi èèyàn léèrè kó dáhùn "ẹn?", kó ní sùúrù, kó lo ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí, kó máa sọ ti ara ẹ̀ dípò ti ẹni tó wà nílẹ̀, kó ti gbà pé ẹni yẹn ti kú kí dókítà tó dé.

Mo ka èyí tán mo rẹ́rìn-ín, mo tún wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù. Ẹ fi màmá yín sínú ẹ̀ wò, ká ní ó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ ní Houston, kí wàhálà ṣẹlẹ̀ nínú ilé, kó pe 911. Ohun àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu ẹ̀ ni "good evening ma, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú," torí bí ilé bá tiẹ̀ ń jó, a ò ní ṣàì kí èèyàn. Ọmọlúàbí, àmì kìíní nìyẹn. Òyìnbó á sọ̀rọ̀ kíá kíá gba imú, màmá á ní "ẹ̀n-ẹ́n?", àmì kejì. Lẹ́yìn ìyẹn á figbe ta, "Mo gbé o! Mo kú o! Ayé mi bàjẹ́!" Ara ẹ̀ ló ń sọ, kò mẹ́nu ba ẹni tó ṣubú, àmì kẹta. Igbe tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń ké nígbà ìbànújẹ́, bí ìjẹ́wọ́ ló ṣe máa dún létí ẹni tó mú ìwé Harpster dání.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní mò ń ṣàsọdùn ni, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ti Russ Faria. Alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá 2011, nítòsí ìlú Troy ní Missouri, ó dé láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó bá ìyàwó ẹ̀ Betsy nílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ó pe 911, ó ń ké, ó ń ṣe gbìngbìn, ó ní ìyàwó òun ti para ẹ̀. Jẹjẹrẹ ti ń bá obìnrin náà jà tẹ́lẹ̀, ó sì ti máa ń sọ ọ̀rọ̀ pípa ara ẹni rí. Ìgbà tí wọ́n yẹ òkú wò, ojú ọ̀bẹ lé ní àádọ́ta. Ṣé ẹ rí i, ẹni tó bá gbọ́ téèpù yẹn lẹ́yìn tó ti mọ̀ pé ọ̀bẹ lé ní àádọ́ta, kò sí bó ṣe máa gbọ́ "ó para ẹ̀" tí kò ní ní irọ́ gbuu ni. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́rin jẹ́rìí pé ọ̀dọ̀ àwọn ló wà, ìyẹn ò gbà á sílẹ̀, wọ́n dá a lẹ́bi ní 2013. Ní 2015 wọ́n tún ẹjọ́ náà dá, adájọ́ ní kó máa lọ ilé. Ní 2021, wọ́n fẹ̀sùn ikú yẹn kan ẹlòmíràn, ọ̀rẹ́ Betsy kan tí Betsy ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ orúkọ ẹ̀ sórí owó inṣọ́ránsì ẹ̀ kó tó kú, obìnrin náà sì ní òun ò jẹ̀bi.

Iléeṣẹ́ oníròyìn ProPublica ló wá tú àṣírí ọ̀nà Harpster yìí síta ní ìparí 2022. Wọ́n fi hàn pé ọlọ́pàá àti agbẹjọ́rò ìjọba ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti ń lò ó, tí wọ́n mọ̀ dáadáa pé kóòtù ò ní gbà á bí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, wọ́n á kàn gba ẹ̀yìn mú un wọlé. Agbẹjọ́rò ìjọba tó ṣe ẹjọ́ Faria wà lára wọn. FBI tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ńkọ́? Àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ọ̀dọ̀ FBI náà ló padà dán àmì yẹn wò ní 2020, wọn ò rí i bí Harpster ṣe sọ ọ́, wọ́n sì kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi ṣe ẹjọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá òkú nílẹ̀ ò ní ìwọ̀n, ẹnì kan á pariwo, ẹnì kan á dákẹ́ bí òkúta, ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ sí í to àga. Mo ti lọ ilé òkú tó pọ̀ tó láti mọ ìyẹn, ẹ̀yin náà ti lọ.

Kí wá ni kóòtù New Zealand sọ sí ìpè 111?

Kí ẹjọ́ kejì tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009 ni ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìró ohùn láti ilẹ̀ òkèèrè ti gbọ́ téèpù náà, ohun tí wọ́n sì rí ni pé kò sí bí èèyàn ṣe lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀rọ̀ ni, ó lè jẹ́ èémí lásán. Ilé ẹjọ́ bá ní wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ kí júrì gbọ́ ibẹ̀. Júrì ni àwọn ará ìlú méjìlá tí wọ́n ń kó jọ láti pinnu bóyá ẹnì kan jẹ̀bi, a ò ní irú ẹ̀ ní Nàìjíríà mọ́. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe onímọ̀ ohùn, tí agbẹjọ́rò ìjọba bá sì lè dìde pé "ẹ gbọ́, ó ní òun yìnbọn fún un," wọ́n á gbọ́ ọ, kò sí ohun tí lọ́yà kejì máa wá sọ tó máa yọ ọ́ kúrò. Wọ́n yọ apá yẹn kúrò. Wọ́n tún ní àwọn oníròyìn ò gbọdọ̀ sọ ọ́ síta títí ẹjọ́ á fi parí.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2009, ní Christchurch, júrì ní David Bain ò jẹ̀bi. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó tú téèpù náà sílẹ̀, tẹlifíṣọ̀n gbé e, rédíò gbé e, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ yẹn sábẹ́ ẹ̀ fún gbogbo ìlú, gbogbo ìlú gbọ́ ọ. Ẹni tó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé David ló pa wọ́n, ọkàn ẹ̀ balẹ̀. Ẹni tó ti gbà pé bàbá ni, kò gbọ́ nǹkan kan ju èémí lọ. Ìjọba náà ò yanjú ẹ̀ fún wọn, ní 2016 wọ́n san $925,000 owó New Zealand fún David kí ọ̀rọ̀ lè tán nílẹ̀, wọn ò sì gbà pé wọ́n ti fi ẹ̀rí hàn pé ọwọ́ ẹ̀ mọ́.

Èmi ò mọ ẹni tó pa wọ́n, ẹ má bi mí. Mo parí kíkọ èyí lálẹ́ àná, mo ní kí n tún gbọ́ téèpù náà lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo ti mọ̀ yìí, ohùn ìlù, èémí, 3400 hẹ́ẹ̀sì, gbogbo ẹ̀. Mo pa iná, mo dijú, mo fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sí etí méjèèjì.

Mo ṣì ń gbọ́ ọ.